Màmá Ẹ̀pẹ́ Tí Kì Í Pe Ọkọ Lórúkọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi irọ́ dídùn bo òótọ́ mọ́lẹ̀: ìyá tó bí ìyá mi kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ làwọn èèyàn ti ń wá kí wa, tí wọ́n ń sọ pé màmá jẹ́jẹ́ ni, màmá tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mò ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun, Ọlọ́run á gba àdúrà yín, àmọ́ nínú ọkàn mi mò ń bi wọ́n pé màmá ta lẹ̀ ń sọ? Màmá Ẹ̀pẹ́ tí èmi mọ̀ bá aládùúgbò wọn yan odì fún oṣù mẹ́ta nítorí ìdérí ìkòkò. Wọ́n bá ìyá mi jà nítorí pé ó ra bílẹ́ńdà. Wọ́n bá èmi Kúdírátù jà lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi gan-an, nítorí pé mo dìde nídìí oúnjẹ láìjẹ ẹ́ tán. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹni tó bá mi jà tó màmá yìí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn mi tó wọn.

Ràbíátù ni orúkọ wọn, Àṣàkẹ́ ni oríkì wọn. Èjìnrìn ni wọ́n bí wọn sí, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n lọ́kọ sí, Ẹ̀pẹ́ náà ni wọ́n darúgbó sí. Wọ́n ju ẹni àádọ́rùn-ún ọdún lọ. Iye tó fi lé, àwọn fúnra wọn ò mọ̀. Àwa ọmọ-ọmọ tó dàgbà sí Ìkòròdú là ń pè wọ́n ní Màmá Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n má baà dàpọ̀ mọ́ ìyá bàbá wa tó ń bá wa gbélé. Wọn ò ṣiṣẹ́ ìjọba, wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnìkan bá bi wọ́n pé iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á ní, "Mò ń tọ́jú ilé," wọ́n á sì sọ ọ́ bíi pé ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńlá kan làwọn.

Mi ò fẹ́ sọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni orúkọ kan tí wọ́n kọ̀ láti fi ẹnu wọn pè fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún ó lé, àti àbúrò ọkọ wọn, Bàbá Mùda, tó tìtorí orúkọ yẹn kẹ̀yìn sí wọn fún ọdún méje gbáko. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nílé ni pé kí ikú má lọ dé kí àwọn méjèèjì tó parí ìjà. Màá dé ibẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ilé ìdáná kọjá, torí ibẹ̀ lẹ máa ti bá wọn.

Ilé ìdáná wọn wà lẹ́yìn ilé, òrùlé páànù, ààrò mẹ́ta, èéfín tó ti sọ ògiri di dúdú kí wọ́n tó bí mi. Gáàsì tí ìyá mi rà fún wọn wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n gbé tẹ̀sùbáà lé e lórí. Bí ìyá mi bá bínú sí i, wọ́n á ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ fún un ni.

Ìkókoré ni oúnjẹ wọn. Ẹ̀yin tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú, ewùrà ni, kì í ṣe iṣu lásán. Wọ́n máa ń rin ín lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, ọwọ́ á máa yún ni bí ẹni tí kòkòrò jẹ. Wọ́n á ti gbé omi ata kaná, pẹ̀lú epo pupa àti ẹja ọ̀bọ̀kún yíyan láti Ọjà Olúwo, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní kóńkóló kóńkóló. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi dì. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, ebi ń pa mí, mo ti ọmọrogùn bọ ìkòkò kí àkókò tó tó. Gbogbo rẹ̀ di ògì. Wọn ò lù mí. Wọ́n bu ògì yẹn fún gbogbo ilé, wọ́n ní kí gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ Kúdí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún rin òmíràn, wọ́n fi mí sórí àpótí níwájú ààrò, wọ́n ní: "Iná kì í gbọ́ ìkánjú. Jókòó tì í."

Ọ̀rọ̀ ìdérí ìkòkò tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, Ìyá Sàlíù tó wà lódì kejì ọgbà ló yá ìdérí, tó dá a padà pẹ̀lú ẹnu tó ti tẹ̀. Oṣù mẹ́ta, wọn ò kí ara wọn. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà mọ́sálásí, kálukú á wo apá ibòmíràn. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ tí mo fi wà níbẹ̀ nínú ìsinmi yẹn, bí Màmá bá ti sọ oúnjẹ ọ̀sán kalẹ̀, wọ́n á bu abọ́ kan yọ, wọ́n á fi àwo dé e, wọ́n á pè mí. Wọ́n á ní, "Gbé e lọ fún ọ̀tá mi kó tó tutù." Ìyá Sàlíù á gbà á, á jẹ ẹ́, á fọ abọ́, á ní kí n dá a padà fún ọ̀tá òun. Ẹ wò ó, mo ti rí ọ̀rẹ́ tí kò ṣe tó ọ̀tá wọ̀nyẹn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ẹ̀yin àgbà mọ àṣà yìí, àmọ́ ẹ̀yin ìyàwó ìsinsìnyí tẹ́ ẹ̀ ń pe ọkọ yín ní "Wálé" níwájú ìyá rẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Láyé ìgbà wọn, ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà ò mọ sórí ẹni tó gbé e níyàwó. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí sínú ilé yẹn kó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lánàá. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí lára wọn ni yóò fi sọ wọ́n lórúkọ tirẹ̀. Màmá sọ ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú wọn ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n sọ ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ní Eyínfúnjowó, wọ́n sọ ọmọbìnrin kan tó máa ń fẹjọ́ sùn ní Oníròyìn. Gbogbo wọn ló ń jẹ́ ẹ títí wọ́n fi hewú.

Nígbà tí mo mú àfẹ́sọ́nà mi wá hàn wọ́n, inú wọn dùn, wọ́n bi í pé kí ló ń jẹ́. Ó ní Búráímọ̀. Ojú Màmá yí padà. Bàbá ọkọ wọn ló ń jẹ́ Búráímọ̀, bàbá tó ti kú láti ìgbà tí Ẹ̀pẹ́ ò tíì ní iná mànàmáná. Láti ọjọ́ yẹn lọ, Ọkọ Kúdí ni wọ́n ń pe ọkọ mi. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní òkú kì í gbọ́rọ̀, ẹ pè é wò. Wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní: "Orúkọ ọkọ kì í ṣe ata tí à ń fi ẹnu tọ́ wò."

Ọmọ ọdún méjì ni Bàbá Mùda nígbà tí Màmá wọlé ọkọ. Níbi tí mo bá ti ń sọ ìgbà èwe wọn, màá máa pè wọ́n ní "ó". Kí wọ́n má bínú sí mi, ikun imú ló ń yọ nímú wọn nígbà náà. Mùdàṣírù ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i. Ó kúrú, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, bí wọ́n bá sì ti pàtẹ́wọ́ fún un, á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìyàwó tuntun wò ó títí, wọ́n ní Akúrúyẹjó. Orúkọ náà bá a mu débi pé gbogbo agboolé gbà á lò, Mùdàṣírù wá di ohun tí wọ́n ń rántí lọ́jọ́ ọdún nìkan. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá rẹ̀ kú. Ọwọ́ Màmá Ẹ̀pẹ́ ló bọ́ sí.

Lọ́jọ́ tó yẹ kó wọ ilé ìwé, bàbá àgbà mi, ìyẹn ọkọ Màmá, wà lójú omi. Apẹja ni wọ́n. Bàbá ọkọ sì ti ń fi ọ̀pá rìn. Màmá bá di gèlè, wọ́n fa ọmọ lọ́wọ́, ó di ilé ìwé. Wọ́n ní kó gba orí fọwọ́ kan etí, ọwọ́ rẹ̀ kàn án. Tíṣà tó ń kọ orúkọ kì í ṣe Yorùbá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn ni, Yorùbá tó gbọ́ ò ju "kí lorúkọ" lọ. Ó ní kí lorúkọ. Màmá wolẹ̀. Ó tún ní kí lorúkọ. Òógùn bo Màmá, àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn ń kùn pé kí wọ́n ṣe kíá, ọmọ fúnra rẹ̀ sì ń wo ojú wọn. Ni wọ́n bá sọ èyí tí ẹnu wọn lè sọ. Wọ́n ní Akúrúyẹjó. Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní orúkọ bàbá rẹ̀ ńkọ́? Yéè, ìyẹn tún wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ! Bàbá náà ní ọkọ̀ ojú omi méjì, Ọlọ́kọ̀ ni Màmá sì ń pè wọ́n. Tíṣà kọ ìyẹn náà.

Bí Mùdàṣírù ọmọ Búráímọ̀ ṣe di Akúrúyẹjó Ọlọ́kọ̀ nìyẹn. Nígbà tí bàbá àgbà mi ti ojú omi dé tí wọ́n gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ẹ fi sílẹ̀, ilé ìwé lásán ni. Wọn ò mọ̀ pé orúkọ ilé ìwé ló ń wọ ìwé ẹ̀rí, tó ń wọ ìwé iṣẹ́, tó ń wọ ìwé ìbí ọmọ. Èyí tó sì wá burú jù níbẹ̀ ni pé ọmọ náà ga. Ó ga débi pé ó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹ wo ọkùnrin gíga bí òpó tó lọ gba iṣẹ́ ní Èbúté Ìkòròdú, tí wọ́n ka orúkọ rẹ̀ sókè, tí gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Bàbá Mùda wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn náà máa ń fi ṣeré. Wọ́n á ní, "Bàbá ló ń sọ gbogbo ayé lórúkọ, èmi, ìyàwó ló sọ mí." Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, wọn ò fi ṣeré mọ́.

Kí n tó sọ ìjà náà, ẹ gbọ́ ohun tí Màmá ṣe fún wọn, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Bàbá ọkọ kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà, bàbá àgbà mi ṣàìsàn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n kú, Mùda ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ mẹ́ta ló kù sí Màmá lọ́rùn, ìyá mi Múínátù ni àkọ́bí wọn, Mùda sì ni ìkẹrin. Nígbà tí wọ́n parí opó, àwọn mọ̀lẹ́bí jókòó lé ọ̀rọ̀ wọn lórí ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Nǹkan méjì ni wọ́n wá fún. Àkọ́kọ́, kí wọ́n kó Mùda lọ fún ìbátan kan, torí Màmá kọ́ ló bí i. Èkejì, kí Màmá mú ọkùnrin kan nínú ìdílé tí yóò ṣú wọn lópó. Ọkùnrin méjì tiẹ̀ ti wẹ̀, wọ́n ti wọ agbádá wá síbi ìpàdé.

Màmá kúnlẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dìde, wọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fa Mùda wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Wọ́n mú un dúró láàárín ìjókòó. Wọ́n ní: "Ẹ ní kí n mú ọkọ nínú ilé yìí. Mo ti mú tèmi. Ta ló wá fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ ìyàwó?"

Ìyá mi rí i pẹ̀lú ojú ara wọn, wọ́n ní ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní obìnrin yìí ti fi òfin wa dè wá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n lọ pẹ̀lú agbádá wọn. Kò sẹ́ni tó gba Mùda, kò sẹ́ni tó ṣú Màmá lópó. Wọ́n tọ́ ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà nínú ilé yẹn, wọn ò lọ́kọ mìíràn títí wọ́n fi kú. Ìyá mi ní àwọn ò rí i kí Màmá sunkún lójú àwọn ọmọ ní gbogbo ìgbà náà. Nígbà tí mo bi Màmá, wọ́n ní: "Bí ilé bá ń jó, ẹni tó ń sunkún kò ní ráyè pọnmi."

Ìjà wá dé. Ó ti lé ní ọdún méje báyìí. Bàbá Mùda ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń gbé nítòsí Èbúté, àwọn ọmọ wọn fẹ́ rán wọn lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ní àwọn ò ní fi páàsípọ́ọ̀tù tó ń jẹ́ Akúrúyẹjó lọ síwájú Ọlọ́run, orúkọ tí bàbá àwọn sọ àwọn làwọn fẹ́ gbé lọ. Kóòtù ní kí àgbà kan nínú ìdílé wá búra pé Akúrúyẹjó àti Mùdàṣírù, ẹnì kan náà ni. Kò sí àgbà mìíràn láyé mọ́ àfi Màmá.

Ọkọ mi ló fi mọ́tò gbé wa lọ. Màmá wọ aṣọ funfun, wọ́n ń ṣàdúrà fún Bàbá Mùda lójú ọ̀nà, inú gbogbo wa dùn. Ọmọbìnrin tó jẹ́ akọ̀wé kóòtù kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ orúkọ tí wọ́n sọ bàbá yìí nígbà tí wọ́n bí wọn." Màmá ní ọkọ àwọn ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Màmá, orúkọ. Màmá ní kí Kúdí sọ ọ́. Ó ní Kúdí kọ́ ló ń búra, Màmá, ẹ̀yin ni. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Mo rí i tí wọ́n la ẹnu, tí ètè wọn pàdé, tí ó sì dúró síbẹ̀. Wọ́n wolẹ̀, bí wọ́n ṣe wolẹ̀ níwájú tíṣà ọjọ́sí. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Bàbá Mùda dìde. Wọ́n ní, "Ìyá Múínà, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní kẹ́ ẹ pè mí." Màmá ò gbójú sókè. Bàbá Mùda bọ́ síta, wọ́n gun ọ̀kadà lọ, wọn ò bá wa padà. Wọn ò lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yẹn, wọn ò sì tẹ ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ mọ́. Iléyá dé, Iléyá lọ, wọn ò wá.

Èmi ni mo wá di ìránṣẹ́. Bí mo bá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Màmá á di ẹja yíyan sínú bébà, wọ́n á ní kí n gbé e fún Akúrúyẹjó. Bí mo bá gbé e dé Èbúté, Bàbá Mùda á bi mí bóyá wọ́n ti pe orúkọ àwọn. Màá ní rárá. Wọ́n á ní ó dáa, kí n bá àwọn kí wọn, wọ́n á sì tú ẹja wò, wọ́n á ní kí ìyàwó wọn gbé iná. Wọ́n ń bínú, wọ́n ń jẹ ẹja! Inú bí mi sí àwọn méjèèjì. Bí mo bá padà dé Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè kan náà ni Màmá máa ń bi mí: ṣé Akúrúyẹjó jẹ ẹja náà? Màá ní wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n á mí kanlẹ̀. Wọ́n á ní: "Ẹni tó bá ṣì ń jẹ ẹja mi kò tíì kọ̀ mí."

Ìgbà òjò tó kọjá ni ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Wọn ò lè rin ewùrà mọ́, wọ́n á kàn jókòó sórí àpótí máa pàṣẹ fún mi. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ń yún mi, inú ń bí mi, mo ju páànù sílẹ̀. Mo ní Màmá, kí lẹ ṣì ń ṣọ́? Gbogbo ẹni tó lè bá yín wí pé ẹ pe ọkọ lórúkọ ló ti kú tán. Ọkùnrin yìí ń darúgbó lọ níbi tó wà. Ṣé kí wọ́n máa ti Ìkòròdú wá sin yín lẹ́ẹ̀kan náà ni?

Mo rò pé wọ́n máa sọ ọmọrogùn lù mí. Wọ́n gbé ọmọrogùn kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí àìsàn ìyá Mùda le, ó pe àwọn wọ yàrá, ó fi ọwọ́ ọmọ náà sínú ọwọ́ àwọn. Ó ní òun mọ̀ pé ìyàwó òun máa tọ́ ọ, òun ò bẹ̀rù ìyẹn. Kí ó ṣáà má jẹ́ kó gbàgbé pé ó ní ìyá. Màmá ní àwọn kéré nígbà náà, kò sí fọ́tò obìnrin náà, kò sí ohun kan tí àwọn lè fi hàn ọmọ. Ẹnu nìkan làwọn ní.

Wọ́n ní: "Ọmọ tí mo bí ni mò ń pè lórúkọ. Bí mo bá pe òun náà, mo ti gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn."

Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ìgbà yẹn, a rò pé agídí ni. Mo gbé páànù, mo ń rin ewùrà, omijé ń kán sínú rẹ̀, wọ́n ní kí n ṣọ́ra, àwọn ti fi iyọ̀ sínú omi ata. Wọ́n tún ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún Akúrúyẹjó, kí ó má lọ rò pé àwọn ń fi ìyá rẹ̀ tọrọ àforíjì.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi ò ní ìdérí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo ti dé Èbúté. Bàbá Mùda jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń wo ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ Èkó. Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Wọn ò wo ojú mi. Ọkọ̀ kan lọ, òmíràn dé. Ìgbà tó yá, wọ́n ní àwọn ò rántí ojú ìyá àwọn. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo wà ní Ẹ̀pẹ́, mò ń ká aṣọ. Mo rí ẹnìkan tó bẹ̀rẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n ṣe rí ẹni tó wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tiraka láti dìde, wọ́n ní kí n sáré lọ gbé omi kaná, Akúrúyẹjó ti dé, ebi á ti máa pa wọ́n. Bàbá Mùda ò jókòó. Wọ́n fi àyà lélẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, gíga wọn gba gbogbo yàrá.

Màmá bẹ̀rù. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde. Ọkọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó."

Bàbá Mùda ò gbórí sókè. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ìyàwó ni mo dọ̀bálẹ̀ fún."

Mo gbé aṣọ dání, n ò lè ká a, n ò lè jù ú sílẹ̀. Màmá wo orí funfun tó wà nílẹ̀ yẹn títí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Wọ́n ní, "Ìyá yín á forí jì mí." Lẹ́yìn náà, ní ohùn tí wọ́n fi ń pe ìyá mi, tí wọ́n fi ń pe àwọn tí wọ́n bí, wọ́n ní: "Mùdàṣírù. Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ tutù."

N ò ní sọ bí a ṣe sunkún. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Mùda ń wá ní gbogbo Jímọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́rin gbáko. Ní Jímọ̀ kejì, bí wọ́n ṣe wọlé ni Màmá ní, "Akúrúyẹjó, ẹ káàbọ̀." Bàbá Mùda wò mí, mo wò wọ́n. Màmá ní kí la ń wò, ṣebí ẹ̀ẹ̀kan lẹ sọ, àwọn sì ti pè é lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Mùda rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Mo dúpẹ́ pé mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn nínú ilé yẹn. Mo dúpẹ́ pé nígbà tí Màmá lọ, lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìkókoré tí mo sè, tí wọ́n sì ní iyọ̀ rẹ̀ ò tó, kò sí ẹni tí wọ́n bí tàbí tí wọ́n tọ́ tó ń bá wọn bínú. Ó wá ku èmi àti bílẹ́ńdà tó wà nílé mi báyìí. Mo fi aṣọ bò ó. Ọwọ́ ni mo fi ń rin ewùrà, mo sì ń jókòó tì í.

Èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó pósítà àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mo kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀, mo sì fi Bàbá Mùda ṣáájú, torí àwọn ló dàgbà jù. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: Mùdàṣírù. Mo rò pé inú wọn á dùn. Wọ́n gba bébà lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní Mùdàṣírù tí wọ́n pe àwọn lọ́jọ́ yẹn, àwọn ti gbà á, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ àwọn, pósítà kọ́ ló máa sọ ọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ tí Màmá ti lọ, kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó máa pe àwọn ní èkejì mọ́. Wọ́n fi báírò fa ilà gba orí ohun tí mo kọ, wọ́n kọ tiwọn sókè rẹ̀.

Kò pẹ́ tí a fi bébà náà ránṣẹ́ ni ọmọkùnrin tó ń tẹ pósítà pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ròkè débi pé gbogbo yàrá gbọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tí ẹ fi ṣáájú àwọn ọmọ yìí, Akúrúyẹjó, ṣé orúkọ èèyàn ni?" Kí n tó dá a lóhùn, Bàbá Mùda ti na ọwọ́ gígùn wọn, wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní, "Orúkọ èèyàn ni. Orúkọ tí ìyá mi sọ mí ni."